Bóòtù Kan Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ ti ka ti ọkọ tó da ìyàwó, ẹ sì ti ka ti ọ̀rẹ́ tó gba ọ̀rẹ́ lóbìnrin. Tèmi kò ní ìfẹ́ nínú. Bóòtù kan ni, kò ju orí àtàǹpàkò lọ, lábẹ́ ẹ́ńjìnnì alùpùpù àbúrò mi.

N kò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Ẹni tó bá káàánú mi kò tíì gbọ́ ohun tí mo sọ.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí. Hámà ni wọ́n ń pè mí, kì í sì í ṣe nítorí irinṣẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ẹni tó bá jẹ ìgbájú ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè èkejì. Mo lu ọmọṣẹ́. Mo lu oníbàárà. Ẹni tó wá là wá níjà, mo lu òun náà kí ó má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo rò pé akọ ni mí.

Ní ọdún kan, mo fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ olùṣọ́ kan ní pápá eré alùpùpù, nítorí pé ó ní kí n gbé máṣìnì mi kúrò lójú ọ̀nà. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ pápá fòfin dè mí: n kò gbọdọ̀ gun máṣìnì níbẹ̀ mọ́, n kò sì gbọdọ̀ tún máṣìnì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gùn níbẹ̀ ṣe. Mo lè dúró lẹ́yìn irin ọgbà kí n máa wòran bí àwọn yòókù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi ń gùn níbẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, Àṣá ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Tó bá dẹ̀gbẹ́ wọ kọ́nà, orúnkún rẹ̀ á máa ha ilẹ̀, ẹ ó ṣáà máa rò pé ó ti ṣubú, òun kò sì ní ṣubú. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn nígbà tí bàbá wa kú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gígùn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ eléré ńlá kan láti ìlú mìíràn fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń gùn ní pápá wa. Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi wò wọ́n. Láti kékeré ni Àṣá ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò sí òmíràn tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Sátidé náà pé nígbà tí ìjà dé sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Bàbá arúgbó kan ló gbé máṣìnì rẹ̀ padà wá, ó ní ṣéènì tí mo fi sí i ń já. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun kì í purọ́. Mo gbá a lọ́rùn mú.

Àṣá wà níbẹ̀. Ó dìde. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ju bàbá wa lọ.”

“Ta ló pè ọ́ sí i?”

“Kò sẹ́ni tó pè mí. Àmọ́ ọwọ́ yín ti ń yá ju ọpọlọ yín lọ.”

Àwọn oníbàárà mẹ́rin tó wà ní ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́: “Hámà! Ìṣó ti ń fún ọ lésì o!”

Mo ju sípánà tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ya Àṣá létí, ẹ̀jẹ̀ sì bọ́. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́, ó sì gbá mi níbàdí mú, ó gbé mi sókè, ó sì nà mí tàntàn sínú ọpọ́n tí mo fi ń gba ọ́ìlì tó ti dọ̀tí. Ọ́ìlì dúdú wọ̀ mí nímú. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀, lójú oníbàárà mi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. N kò jẹ́ kí ó fọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Àṣá wá. Ó fi báńdéèjì dí etí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. Ẹ nà mí tó bá máa tẹ́ yín lọ́rùn.”

“Dìde. Ó ti tán.”

“Ṣé ó ti tán lóòótọ́?”

“Mo ní ó ti tán! Àbí o fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó bá wá.

“Ẹ bá mi múra máṣìnì mi sílẹ̀ fún Sátidé.”

“Ṣé o ti gbàgbé pé wọ́n fòfin dè mí ni?”

“Èmi ni mo máa buwọ́ lùwé pé èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbé ẹ̀mí mi lé ọwọ́ ẹlòmíràn.”

Ẹ gbọ́ o. Kò sọ pé eré. Kò sọ pé máṣìnì. Ẹ̀mí ló sọ.

Máṣìnì tó ń rìn ní títì kò ṣe é gbé wọ pápá bẹ́ẹ̀. Mo tú díńgí rẹ̀ méjèèjì, mo tú iná iwájú àti tẹ̀yìn, mo yọ nọ́ńbà, mo yọ irin tó fi ń dúró kí ó má baà gbá ilẹ̀ ní kọ́nà. Mo da omi aláwọ̀ tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára nù, mo rọ omi lásán sí i, nítorí pé omi aláwọ̀ náà máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tó bá dà sílẹ̀. Mo pààrọ̀ bíréèkì. Mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, n kò sì fi iṣẹ́ kankan ṣeré. Ẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara mi máa ń bà mí. Òun nìkan ni nǹkan tí n kò lù rí.

Ó wá ku bóòtù ọ́ìlì.

Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, òun ló dí ojú ihò tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì nù. Ní títì, kéèyàn ṣáà mú un le ti tó. Ní pápá, òfin ni pé kí wọ́n lu ihò tín-ín-rín sí orí rẹ̀, kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ́ wáyà náà, kí wọ́n sì so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ní ìhà tí bóòtù ń gbà le sí, kí ó má baà tú láé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ọ́ìlì bá dà sí pápá, kì í ṣe ẹni tó ni ín nìkan ló ń ṣubú. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí i.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Mo mú bóòtù náà le. Mo na ọwọ́ sí wáyà. Ọkùnrin kan tó ń kọjá níta yọjú wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mẹ́rin tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìjà ni.

“Hámà, ṣé ẹ̀yìn ti san?”

Ó ń bá tirẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

Mo fi wáyà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú sípánà, mo sì tú bóòtù tí mo ti mú le. Ìka lásán ni mo wá fi dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò, nítorí pé èṣù kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ ìpànìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá ń yí pápá ká jẹ́jẹ́ kí táyà lè gbóná, ọ́ìlì díẹ̀ á kán sí sáléńsà, á rú èéfín, àwọn tó ń ju àsíá láti dá eré dúró á rí i, wọ́n á sì lé Àṣá kúrò lójú àwọn àlejò tó wá wò wọ́n. Ojú á tì í, bó ṣe tì mí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń jà, bíi ti ká kú kọ́: mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá ki wáyà bọ ihò bóòtù. Mo lọ́ ọ dáadáa, ó mọ́, ó dọ́gba bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Àmọ́ ìhà òdì ni mo fà á sí. Ẹni tó bá wò ó á rí wáyà. Kò ní mọ̀ pé wáyà náà kò di nǹkan kan mú. Mo ti pa irọ́ púpọ̀ láyé mi. Èyí tó dára jù nínú wọn, púláyà ni mo fi pa á.

Nígbà tí Àṣá wá gbé máṣìnì, ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka kan wáyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ò ní rọ o.”

Mo ní, “Àmín.”

Ẹni tí wọ́n ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ní Sátidé, oòrùn ti mú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ló ń yẹ máṣìnì wò lẹ́nu ọ̀nà pápá. Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì là ń pè é, torí pé tọ́ọ̀ṣì gígùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ni, oòrùn ni. Láti ibi tí mo dúró lẹ́yìn irin ọgbà ni mo ti ń gbọ́ wọn.

“Ta ló so wáyà yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ? Ó mọ́ ju gbogbo èyí tí o ti ń so látẹ̀yìnwá lọ.”

“Mo ti ń dàgbà ni, Àǹtí.”

“Dàgbà, kí o sì dákẹ́. Buwọ́ lu ibí. Ó yá, kọjá.”

Ó fà á wò, kò tú. Kò lè tú nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná.

Ọkùnrin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí máṣìnì aláwọ̀ búlúù tó ti gbó. Tísà ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti mọ̀ ọ́n, níbi tó ti ń kọ́ mi ní ìwé kíkà nígbà tí mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún. Kò wá bá ẹnikẹ́ni díje. Ó kàn fẹ́ràn kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí òun.

“Hámà! Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ tí mo fún ọ ṣe nílé?”

“Ó ku díẹ̀, sà.”

“Ó ku díẹ̀ kì í tán.” Ó dé àṣíborí rẹ̀, ó sì bá wọn wọlé.

Wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀kíní, jẹ́jẹ́. Kò sí èéfín. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí èéfín. Eré bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Àṣá ti wà níwájú gbogbo wọn, àwọn àlejò sì ti dìde lórí àga.

Nígbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Jẹ́jẹ́ ni mo rò pé yóò wà nígbà tó bá tú. Ẹni tó ń ju àsíá kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò: “Dá a dúró.” Mo ya ẹnu. Mo rántí pé wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo pa á dé.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ní kọ́nà gígùn, mo rí èéfín.

Kò kán. Ó tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì, sórí táyà ẹ̀yìn. Máṣìnì náà yọ̀ lábẹ́ Àṣá bí ẹni fa ẹní lábẹ́ ẹni tó sùn. Òun pẹ̀lú rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí ọ̀dà pápá, iná ń ta lára irin, ó sì yí gbirigbiri wọ inú koríko.

Tísà, tí Àṣá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì. Táyà iwájú rẹ̀ kan ọ́ìlì, ó fò, ó sì fi ara gbá irin ọgbà ní apá ọ̀dọ̀ wa. Mo gbọ́ egungun. Ó jọ igi gbígbẹ tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún yí sẹ́yìn láti ìsàlẹ̀ orúnkún, bàtà kọjú sí ibi tí kò yẹ kí bàtà kọjú sí, funfun egungun sì yọ jáde lára ṣòkòtò awọ. Ó ń pariwo orúkọ ìyàwó rẹ̀.

Àwọn èèyàn fò wọlé. Àṣá ti dìde, ó ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ Tísà, ó ń bọ́ àṣíborí rẹ̀. Ẹnì kan ti yí máṣìnì rẹ̀ padà.

“Ẹ wá wò ó! Bóòtù ọ́ìlì rẹ̀ ló ń fì dirodiro yìí!”

“Kò mú un le!”

“Apààyàn! Torí kó lè borí!”

Ọ̀rẹ́ Tísà kan ló kọ́kọ́ lù ú. Àṣíborí ló fi lù ú, ojú òsì gan-an ló bá. Àṣá ṣubú sórí eékún. Wọ́n bò ó. Ẹsẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ́ ni, ìbọ̀wọ́ onírin ni. Ó lè jà; ẹ ti rí ohun tó fi mí ṣe. Kò jà. Ó kàn ń sọ pé, “Ẹ lọ gbé Tísà. Ẹ lọ gbé Tísà ná.”

Láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó ń lù ú, ó gbójú sókè, ó sì rí mi.

Ó mọ̀. Ta tún ni ì bá ṣe é? Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kan bóòtù náà. Mo dúró de kí ó pe orúkọ mi. Kò pè é.

Irin ọgbà náà kò ga ju àyà mi lọ. Ọwọ́ tó fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn nítorí ọ̀nà, tó gbá arúgbó lọ́rùn mú nítorí ṣéènì, kò gbéra nítorí ọmọ ìyá mi. Mo di irin mú, mo ń wò wọ́n.

Àǹtí Tọ́ọ̀ṣì ló dá wọn lẹ́kun. Ó fi tọ́ọ̀ṣì na ẹnì kan lápá, ó ti èkejì ṣubú. “Ẹ kúrò! Ṣé ẹran ni yín?” Wọ́n ti gbé Tísà sórí àkéte. Obìnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ó gé wáyà náà, ó sì dìde.

“Ẹ fún mi ní púláyà àti wáyà tuntun.” Ó fi méjèèjì fún Àṣá. “Lọ́ èyí fún mi.”

“Àǹtí, ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe é.”

“Mo ní kí o lọ́ ọ!”

Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ojú rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ́ ọ. Obìnrin náà gbé wáyà méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fi han àwọn tó yí i ká.

“Èyí tí Àṣá lọ́ yí sí ọ̀tún. Èyí tó wà lára máṣìnì yí sí òsì. Ẹ̀yin tí ẹ lu ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wò ó dáadáa. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fa wáyà wò níbí, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń lọ́ wáyà báyìí, ọlọ́wọ́ òsì ni.”

Ó yí padà. Ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí mi lójú.

N kò sá. Ẹ má yìn mí, mo ṣì di irin ọgbà mú ni. Wọ́n fà mí kọjá lórí irin ọgbà, ẹ̀wù mi ya, wọ́n sọ mí mọ́lẹ̀ sínú koríko.

“Hámà, ọmọ ìyá ẹ!”

“Ọmọ ìyá ẹ lo fẹ́ fi bóòtù pa!”

Ẹni tó fi àṣíborí lu Àṣá ló tún gbé e sókè lórí mi. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo di ojú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: inú mi dùn. Mo ní, ó dára, wọ́n fẹ́ lù mí, yóò sì tán.

“Ẹ dúró.”

Àṣá ni. Wọ́n yà fún un. Ojú rẹ̀ òsì ti di ẹran pupa, ó fi ọ̀kan yòókù wò mí bí ẹni ń wo máṣìnì tí kò ní àtúnṣe.

“Ẹ má lù ú.”

“Àṣá, wo ojú rẹ! Wo ohun tó fi ọ́ ṣe!”

“Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìjà nìkan ló mọ̀. Tí ẹ bá lù ú, á rò pé òun ti san án.”

Àṣíborí náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣá bá wọn gbé ẹ̀gbẹ́ kan àkéte Tísà, ó ń tiro, kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ Tísà. Ojú òsì Àṣá kò ríran mọ́, ẹni tó sì ń fi ojú kan wò kò lè mọ bí kọ́nà ti jìnnà tó. Àwọn àlejò mú ẹlòmíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá, n kò fi ohun kan pamọ́. Mo ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Bí mo ti jáde, ilé Tísà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo dojú bolẹ̀, mo ní kí ó fi ọ̀pá tó fi ń rìn nà mí títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kì í na akẹ́kọ̀ọ́, kí n dìde kí n máa lọ, ìyàwó òun ń bọ̀, kò sì yẹ kí ó bá mi níbẹ̀.

Mo lọ sí ilé Àṣá. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo tọrọ ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń fún mi ní àga. Gbogbo ìgbà ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín yá bí tèmi, tí ẹ máa ń sọ pé ìbínú yín kì í pẹ́, pé tí ẹ bá ti lù ú tán ó ti tán: kì í tán. Ohun tí ẹ̀ṣẹ́ kò rí ṣe lójú ayé, ó máa ń wá ibi kọ́lọ́fín ṣe é, nínú iṣẹ́ yín, nínú ohun tí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ tọrọ ìdáríjì nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ẹnu. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ọwọ́.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá láti Sátidé náà. Mo ti bá àwọn tó burú ju èmi lọ gbé nínú ẹ̀wọ̀n, mo ti bá ẹbí Tísà pàdé lọ́nà, mo ti dúró níwájú àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kò tíì sẹ́ni tó gbá mi létí.